Olú Ara Igi àti Oògùn Inú Omi: Níbo Ni Ohun Tí A Dà Nù Ń Lọ?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti inú ilé ìwẹ̀ yín. Bóyá ni ilé Yorùbá kan wà ní òkè òkun tí kò ní àpótí oògùn. Oògùn ibà tí a rà nígbà tí a ń múra àtilọ sí ilé fún Kérésìmesì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wà níbẹ̀. Oògùn apàrora tí ìyá àgbà gbàgbé nígbà tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun wà níbẹ̀. Oògùn ikọ́ tí ọmọ kọ̀ láti mu tán wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá di Sátidé kan, a ó tú àpótí náà, a ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò, a ó sì da gbogbo èyí tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. A fa omi lù ú. Ó parí.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì bi yín pé, "Mọ́mì, níbo ni ó ń lọ?", kí ni ẹ ó sọ? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn pé, "Ó ti lọ nìyẹn." Ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Oògùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e, kí a rí ibi tí ó ń dé àti ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó sọ̀rọ̀ nípa olú tí ń hù lára igi jíjẹrà, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń yẹ̀ wò bóyá ó lè bá wa mú oògùn kúrò nínú omi kí omi náà tó dé odò.

IBI TÍ OMI Ẹ̀GBIN Ń GBÀ

Ní àwọn ìlú ńlá tí a ń gbé, omi ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ń pàdé nínú àwọn páìpù ńláńlá abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń ṣàn lọ sí ilé iṣẹ́ tí a ti ń sọ omi ẹ̀gbin di mímọ́. Bí ẹ bá ń gbé ní Peckham, ilé iṣẹ́ Crossness ni omi yín ń lọ. Èyí tí ó wà ní Beckton, ní òdìkejì odò Thames, ń gba omi ẹ̀gbin nǹkan bí mílíọ̀nù 4 ènìyàn.

Níbẹ̀, asẹ́ irin ni ó kọ́kọ́ ń gba àkísà àti pàǹtírí dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń jẹ́ kí omi náà dúró jẹ́ẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sìlẹ̀. Omi tí ó kù ń bọ́ sínú àwọn àgbá ńlá tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò àìfojúrí ti ń jẹ ẹ̀gbin inú rẹ̀. Edward Ardern àti William Lockett, ọkùnrin méjì ní ìlú Manchester, ni wọ́n gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1914, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ayé ń lò títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ó wà lára ohun tí ó jẹ́ kí á máa gbé pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìsí pé àrùn onígbáméjì ń pa wá. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́, ìtọ̀ àti àjẹkù oúnjẹ ni wọ́n ṣe àwọn àgbá náà fún. Ti oògùn yàtọ̀. Ẹni tí ó ṣe oògùn ṣe é kí ó lè la ikùn wa kọjá láìbàjẹ́. Líle tí ó le yìí ni ó mú un wúlò fún wa, òun náà ni kò jẹ́ kí àwọn kòkòrò inú àgbá rí i jẹ. Carbamazepine, oògùn wárápá, fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín kù rárá láti ìgbà tí ó bá wọ ilé iṣẹ́ náà títí tí yóò fi jáde. Diclofenac, tí ọ̀pọ̀ àgbà wa ń lò fún orúnkún ríro, apá kan rẹ̀ ni ó ń dín kù. Ìyókù ń bá omi lọ sí odò.

Kì í sì í ṣe èyí tí a dà nù nìkan. Metformin, tí àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lò, kì í yí padà nínú ara. Bí a ṣe gbé e mì ni ó ṣe ń bá ìtọ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tí kò da oògùn nù rí pàápàá ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

OHUN TÍ OJÚ ẸJA RÍ

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa bí iye oògùn náà ti mọ. Nánógíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá pín gíráàmù kan ṣoṣo sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan nínú rẹ̀ ni nánógíráàmù. Ní 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì sọ pé kò dà bí ẹni pé ìwọ̀n oògùn tí a ń rí nínú omi mímu lè pa ènìyàn lára. Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti fún ọmọ yín ní omi ẹ̀rọ mu.

Ṣùgbọ́n ẹja kì í mu omi kí ó sì gbé ife sílẹ̀. Inú omi ni ó ń gbé tọ̀sán tòru, láti inú ẹyin títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde nípa ẹja kan tí a ń pè ní roach. Ní àwọn odò tí omi láti ilé iṣẹ́ omi ẹ̀gbin ń ṣàn sí, wọ́n rí akọ ẹja tí ẹyin ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú kórópọ̀n wọn. Họ́mọ̀nù obìnrin tí ó ń ti ara ènìyàn jáde, àti èyí tí ó wà nínú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, wà lára ohun tí ó fà á.

Àwọn kan ní Kánádà fẹ́ mọ̀ dájú. Láti 2001 sí 2003, wọ́n ń fi èròjà oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí sínú adágún omi kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn àríwá Ontario, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Ìwọ̀n tí wọ́n fi sí i kò ju nánógíráàmù 5 sí 6 nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan lọ. Ara àwọn akọ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè èròjà tí abo fi ń ṣe ẹyin. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹja kékeré kan tí a ń pè ní fathead minnow fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pátápátá nínú adágún náà. Ní 2007 ni wọ́n gbé àbájáde náà jáde. Ìròyìn ayọ̀ inú rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí wọ́n dá oògùn náà dúró, àwọn ẹja náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni a sì lè fi lé e jáde.

Diclofenac tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe inú omi ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ní Íńdíà, Pakísítánì àti Nepal, igún bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀ yanturu láti àwọn ọdún 1990, débi pé nínú irú igún kan, ó ju 99 nínú 100 lọ tí ó ṣègbé. Ní 2004 ni àṣírí tú: òkú màlúù tí wọ́n ti fún ní diclofenac ni àwọn igún náà ń jẹ, oògùn náà sì ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ní 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè náà fi òfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Ohun tí ó ń mú ara tu ènìyàn lè jẹ́ ikú fún ẹ̀dá mìíràn.

OLÚ TÍ Ń JẸ IGI

Ẹ wá rántí ìtì igi tí ó ṣubú sínú igbó. Lẹ́yìn òjò, olú yóò hù lára rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, igi tí àáké fẹ́rẹ̀ẹ́ má ràn yóò di fúlẹ́fúlẹ́, yóò sì di ilẹ̀. Ta ni ó ṣe iṣẹ́ náà? Olú tí ẹ rí wulẹ̀ dà bí èso lórí igi ni. Ara olú gan-an ni àwọn fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ta kiri nínú igi náà.

Ohun kan wà nínú igi tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí sìmẹ́ǹtì ń ṣe nínú ògiri. Lignin ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó mú kí igi le, kí ó sì dúró. Ìwọ̀nba ẹ̀dá ni ó lè fọ́ ọ, nítorí pé kò ní ìrísí kan pàtó. Gbogbo ohun alààyè ni ó ní ẹ́ńsáìmù, èyíinì ni àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tí ara ń ṣe láti fi da oúnjẹ àti láti fi yí nǹkan kan padà sí òmíràn. Ẹ́ńsáìmù dà bí kọ́kọ́rọ́: àgádágodo kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ṣí. Ṣùgbọ́n lignin dà bí ilé tí àgádágodo ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Kọ́kọ́rọ́ kan kò lè ṣí i tán.

Ọgbọ́n tí olú ta nìyí: ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó gbé òòlù. Ó ń tú àwọn ẹ́ńsáìmù kan jáde kúrò nínú ara rẹ̀ sínú igi, tí kì í bi ohun tí ó bá pàdé pé irú wo ni ìrísí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ olú ti kan ọ̀rọ̀ oògùn gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ oògùn àti èròjà ike ni ó ní ẹ̀yà tí ó rí bí òrùka nínú wọn, lignin náà sì kún fún irú òrùka bẹ́ẹ̀. Òòlù tí a rọ fún igi lè fọ́ oògùn.

Èyí tí wọ́n mọ̀ jù lọ nínú àwọn òòlù wọ̀nyí ni laccase. Ní 1883 ni Hikorokuro Yoshida, ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, nígbà tí ó ń wádìí ohun tí ó ń mú kí oje igi kan tí wọ́n fi ń kun àwo àti àpótí ní ìlú wọn gan. Ẹyọ bàbà mẹ́rin bíńtín ni ó wà láàárín laccase. Ó ń fi wọ́n já ẹ̀léktírọ́ọ̀nù gbà lára èròjà tí ó bá pàdé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀léktírọ́ọ̀nù sì ni ó so ẹ̀yà ohun gbogbo pọ̀. Nígbà tí ó bá kó mẹ́rin jọ, ó ń gbé wọn fún ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, èyí sì di omi. Ní ti èròjà tí ó já nǹkan gbà lára rẹ̀, kò lè dúró bí ó ti wà mọ́. Òmíràn á fọ́. Òmíràn á lẹ̀ mọ́ irú rẹ̀, wọn á di ṣùkù, wọn á sì rì sísàlẹ̀ níbi tí a ti lè kó wọn.

Ní 1985, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé olú ara igi kan, Phanerochaete chrysosporium, lè fọ́ DDT, oògùn kòkòrò tí ó ti di àbámọ̀ fún ayé nítorí pé kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn olùwádìí ti ń dán ẹbí olú yìí wò lórí oríṣiríṣi èròjà. Laccase ń ṣe dáadáa lórí họ́mọ̀nù obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti lórí bisphenol A tí ń ti ara ike jáde.

OHUN TÍ Ó TI ṢE ÀTI OHUN TÍ Ó ṢÒRO

Ní Yunifásítì Autònoma ti Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì, wọ́n mú olú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Trametes versicolor, wọ́n tọ́ ọ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, wọ́n sì da omi ẹ̀gbin láti ilé ìwòsàn sí i. Ní 2014 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú oògùn tí wọ́n rí nínú omi náà ni ó dín kù tàbí tí ó tán. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ilé ìwòsàn ni, nítorí pé oògùn pọ̀ nínú omi ibẹ̀ ju ti ìlú lọ. Ó sàn kí a mú olè lẹ́nu ọ̀nà ju kí a máa wá a kiri ọjà.

Kí ló dé, nígbà náà, tí Crossness àti Beckton kò fi lo olú? Ẹ̀yin òbí, a kò gbọ́dọ̀ fi ìrètí tí kò tíì pọ́n bọ́ ara wa. Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ pọ̀.

Ìkíní, olú yìí fẹ́ràn omi tí ó kan díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ẹ̀gbin ìlú kì í kan. Ìkejì, omi ẹ̀gbin kún fún kòkòrò àìfojúrí tí ń yára bí síi ju olú lọ. Wọn á jẹ oúnjẹ rẹ̀, wọn á sì gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Barcelona pàápàá, iṣẹ́ náà dára jù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa kòkòrò inú omi. Ta ni ó sì lè pa kòkòrò inú omi ìlú mílíọ̀nù 4 ènìyàn? Ìkẹta, olú ń fẹ́ kí a máa fún òun ní ṣúgà tàbí èérún igi jẹ, owó sì ni. Ìkẹrin, ó ń fẹ́ àkókò, bẹ́ẹ̀ omi ìlú kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan wá ronú pé kí a fi olú sílẹ̀, kí a lo laccase nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da ẹ́ńsáìmù sínú omi tí ń ṣàn, yóò bá omi lọ, ẹ ó sì tún ra òmíràn lọ́la. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń dè é mọ́ ara yanrìn wẹ́wẹ́ tí a ṣe ní ilé iṣẹ́, tàbí mọ́ ara asẹ́, kí omi máa kọjá kí òṣìṣẹ́ sì dúró sí ẹnu iṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn oògùn kan wà tí laccase nìkan kò ká, carbamazepine sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Odindi olú lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ó ní ẹ́ńsáìmù mìíràn nínú ara. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ó sì tún ku ìbéèrè kan: oògùn tí a fọ́, kí ni ó dà? Nígbà mìíràn, ohun tí ó dà lè le bí ti àkọ́kọ́. A gbọ́dọ̀ dán an wò lórí ohun alààyè kí a tó sọ pé omi ti mọ́.

TA NI YÓÒ SANWÓ?

Kí olú tó gòkè àgbà, àwọn ìlú kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà mìíràn. Ní Switzerland, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016 tí ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ omi ẹ̀gbin tí a yàn mú ìdá 80 nínú 100 àwọn èròjà bíńtín wọ̀nyí kúrò. Gáàsì ozone tàbí èédú tí a ṣe lọ́jọ̀ ni wọ́n ń lò, owó tí a ń gbà fún un kò sì ju fránkì 9 lórí ènìyàn kan lọ́dún. Ọ̀nà méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ozone ń jẹ iná mànàmáná, èédú sì ń kún, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú kò fi kúrò lára olú, tí kò béèrè ju afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ díẹ̀ lọ.

Ní 2024, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kí àwọn ilé iṣẹ́ omi ẹ̀gbin ńláńlá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di 2045, kí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn àti ti ìpara sì san ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 owó rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn kò gbà. Ní 2025, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin náà kò de Bìrìtéènì, tí ó ti kúrò nínú ìṣọ̀kan náà láti 2020.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun mẹ́rin péré ni a fẹ́ kí ẹ mú lò.

Ẹ má ṣe dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlera yín ṣe pàtàkì, ẹja kò sì ní kí ẹ kú nítorí òun.

Ẹ kó oògùn tí ẹ kò lò mọ́ lọ fún apòògùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ara iṣẹ́ ilé oògùn àdúgbò ni láti gbà á lọ́wọ́ yín láìgba owó. Ní Kánádà, ọ̀pọ̀ ilé oògùn ń gbà á. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ wà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún gbígbà á padà, àpótí sì wà fún un ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn. Ẹ fi èyí kan sọ́kàn: àwọn oògùn apàrora líle kan wà tí ẹyọ kan ṣoṣo lè pa ọmọ. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí ẹ dà á sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bí kò bá sí ibi tí ẹ lè dá a padà sí kíákíá. Ẹ̀mí ọmọ ni ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì.

Bí ẹ bá fi ìpara diclofenac ra orúnkún Bàbá tàbí Màmá, ẹ fi bébà nu ọwọ́ yín kí ẹ tó fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ju bébà náà sínú pàǹtí. Díẹ̀ nínú ìpara náà ni ó ń wọ ara. Ìyókù ń bá omi ìwẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe ra oògùn ju bí ẹ ti nílò lọ, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ilé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ní ilé, kò sí páìpù tàbí ilé iṣẹ́ kankan láàárín ṣáláńgá àti kànga. Ohun tí a bá dà sí ilẹ̀ níbẹ̀ kò jìnnà sí garawa.

Ní ìparí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí pápá ìṣeré tàbí igbó tí ó wà nítòsí yín lọ́jọ́ kan. Ẹ wá ìtì igi tí ó ti ṣubú. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí olú pẹlẹbẹ kan tí ó tò léra wọn, tí ó ní ìlà aláwọ̀ ilẹ̀, eérú àti funfun, bí ìrù tòlótòló tí ó na ìyẹ́. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un náà nìyẹn, ìrù tòlótòló. Trametes versicolor ni, èyí tí wọ́n lò ní Barcelona. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi olú igbó sẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi tí ó ti di fúlẹ́fúlẹ́. Ẹ sọ fún wọn ní èdè Yorùbá pé olú yìí ni ó ṣe é, àti pé àwọn kan ń wá ọ̀nà láti mú kí ó ṣe oògùn inú omi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá tún béèrè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ pé, "Mọ́mì, níbo ni ó ń lọ?", ẹ ó lè dá wọn lóhùn pé odò ni. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé àpò oògùn lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì jọ rìn dé ọ̀dọ̀ apòògùn.